Lọ́jà Mo Jẹ́ Ọmọ Ìyá, Ní Búróò Mo Di Àjèjì

Kí ni mo jẹ yó tí mo fi ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni kí wọ́n fún mi? Ká ní bàtà òkìrìkà ni mo kó sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Tchaourou ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ta ni ìbá bi mí léèrè ohunkóhun? Ẹ wo aládùúgbò mi, ọmọ Ṣakí ní Nàìjíríà bíi tèmi, tó ń ta sípíà-páàtì ọ̀kadà. Ó ti fẹ́yàwó síbí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi Faransé bú ara wọn níwájú ilé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò mọ bí permis, ìwé àṣẹ iṣẹ́, ṣe rí. Èmi tí mo ní owó oṣù ni mo fẹ́ gbà, tí n kò ṣe fàyàwọ́, tí n kò jalè, ọ̀dọ̀ tèmi ni òfin ti jí lójú oorun.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ilé-ìwé aládàáni kan tó kọ “bilingue” gàdàgbà sára ògiri ló ní kí n wá. Kí n tó dé, Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ kò ju “good morning” lọ, wọ́n sì ń fi kí ara wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Dírẹ́tọ̀ fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù òfin. Òfin Iṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, tọdún 1998, ní àjèjì tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ olówó oṣù gbọ́dọ̀ ní permis de travail. Dírẹ́tọ̀ ní òun kò ní fọwọ́ sí àdéhùn láìrí permis. Mo dé búróò tó ń rí sí permis, wọ́n ní àwọn kò ní wo ọ̀rọ̀ permis láìrí àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Mo ní kí àwọn méjèèjì ṣáà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú ìyá wọn.

Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ECOWAS fún mi. Lọ́dún 1979 ni àwọn olórí wa jókòó ní Dakar, tí wọ́n ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Lọ́dún 1986 wọ́n fi kún un pé ó lè fìdí kalẹ̀, kó wáṣẹ́, kó sì ṣe é. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dùn bí oyin. Àfi bó ṣe jẹ́ pé iṣu àti màlúù ló jọ pé wọ́n ṣe é fún. Màlúù Fúlàní ń gba inú igbó kọjá, kò ní fọ́tò pélébé kankan lápò. Bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo ń gun ọ̀kadà wọ̀lú nínú kéègì. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n dúró.

Bẹ́ẹ̀ lọ́jà, “ọmọ ìyá wa” ni wọ́n ń pè mí. Àwọn Nàgó, Yorùbá ibí, ní Odùduwà ló bí gbogbo wa. Àwọn Bàríbá ní àwọn àti Ọ̀yọ́ ti jọ jẹun, àwọn sì ti jọ jagun rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n fi àyè Odùduwà sí lórí fọ́ọ̀mù. Ìlú yìí náà ló bí Boni Yayi tó ṣe ààrẹ láti 2006 sí 2016, nítorí náà gbogbo ẹni tí mo bá ro ẹjọ́ mi fún ló mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n. Orí ìmọ̀ náà la ṣì wà.

Pàràkú ni búróò wà, bíi 60 kìlómítà sí wa. Ìyá tó jókòó síbẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, Yorùbá bíi tèmi. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Ó ní, “En français, monsieur.” Mo fi Faransé tí mo ní ṣe é, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ó ní ìwé ọlọ́pàá tí mo mú wá láti Nàìjíríà pé n kò ṣẹ̀ sófin rí, Gẹ̀ẹ́sì ni, kí n lọ bá ògbufọ̀ tó ti búra ní kóòtù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ó ní, “Ìyẹn gan-an la ṣì ń wádìí.”

Ògbufọ̀ gbowó tán, ó fi lẹ́tà H kan kún orúkọ bàbá mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe di èèyàn méjì nìyẹn: ẹni tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù àtẹni tó ní H. Wọ́n ní kí n lọ gba certificat d'individualité, kí ẹlẹ́rìí wá jẹ́rìí pé èmi àti èmi, ẹnì kan náà ni wá. Ta ni mo ní? Aládùúgbò mi onísípíà-páàtì yìí náà ni. Ó nu òróró lọ́wọ́, ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra mí, ó ní, “Òun ni.” Wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n lẹ tẹ́ńbù mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ìyá búróò yẹn nídìí alákàrà, níwájú ọgbà wọn. Ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀! “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oòrùn o, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni.” Ó ní bàbá òun wà ní Èkó ní January 1983, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó ẹrù wọn. Mo ní bàbá bàbá tèmi wà ní Ghana ní November 1969, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni Busia, olórí ìjọba ibẹ̀, fún àwọn àjèjì tiwọn. A jọ mirí, a jọ bu àkàrà. Bó bá di ká lé ara wa, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó gbogbo ìjọba láti parí iṣẹ́. Pé ká ní kéèyàn dúró ni kì í lọ́jọ́.

Ní báyìí, dossier mi ti lọ gba ọwọ́ ọ̀gá ní Kútọ́nù, ibi tó lé ní 300 kìlómítà. Wọ́n fún mi ní récépissé, ìwé tó sọ pé mo ń retí ìwé. Dírẹ́tọ̀ ní ìyẹn kò tó owó oṣù í gbà, nítorí náà mo ń kọ́ni, òun náà sì ń “ràn mí lọ́wọ́” lóṣooṣù.

Bí mo ṣe fẹ́ kúrò nídìí alákàrà lọ́jọ́ yẹn, ìyá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọmọ òun fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC, Gẹ̀ẹ́sì kò sì wọ̀ ọ́ lórí rárá. Ṣé mo lè máa wá kọ́ ọ nílé lọ́jọ́ Sátidé? Owó lọ́wọ́ ni. Mo ní, “Mà, permis ńkọ́?”

Ó ní, “Permis bí ti báwo? Ẹ ṣáà tètè dé.”