Àmì Funfun Níwájú Orí Ìyàwó

Nígbà tí wọ́n ṣì ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn l'Áyọ̀bọ̀, kò sí àbàwọ́n tí kò ní aládùúrà tirẹ̀. Bí àmì funfun bá hàn níwájú orí ìyàwó, ìyá ọkọ á ní òun ti lálàá rẹ̀. Onífọ́tò á ṣe àmín, kó má baà sọ pé eruku ọyẹ́ ló bà lé fíìmù, tó dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀.

Fọ́tò tó di pupa rúsúrúsú lẹ́yìn oṣù mélòó kan ńkọ́? Onífọ́tò á ní Nẹ́pà ni. Ṣé Nẹ́pà ló ní kó fi háípò kan náà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán dúró, tí agbára rẹ̀ ti tán, ṣe ti ìgbéyàwó, ìkómọ àti òkú àgbà? Bí pépà bá sì dúdú bí èédú, ọmọṣẹ́ ló ṣílẹ̀kùn, tó ń béèrè owó oúnjẹ.