Àkísà Àgbà ní Kirikiri

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi àwòrán ara rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Òjò ti pa á bí adìyẹ. Fìlà òyìnbó ayé àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀, omi ń kán láti etí fìlà náà sórí táì rẹ̀, kóòtù ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, bàtà rẹ̀ sì ti rì sínú ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò kékeré kan tí kò ní òrùlé ń sáré kọjá, omi sì ti sọ ẹni tó ń wà á di ẹja.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Ó ní kò sẹ́ni tó ṣe òun. Owó ni òun san.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Ajégúnlẹ̀ ní Èkó la jọ dàgbà, níhà Tolú, níbi tí òjò kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ fún wa pé ohun méjì ni òun ò fẹ́ fojú kàn mọ́ títí òun á fi kú: ẹrẹ̀ àti mọ́tò ògbólógbòó. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Croydon ló ń gbé, ó níṣẹ́, ó nílé, ó láya, ó bímọ. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, á wọ ọkọ̀ ojú irin, á lọ san owó gọbọi kí wọ́n lè jẹ́ kó fi odidi ọjọ́ mẹ́ta dúró nínú ẹrẹ̀, kó máa wo mọ́tò ògbólógbòó.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: a lè fowó ra aṣọ, a ò lè fowó ra ọjọ́ orí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wá wo àkísà.

Goodwood ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀nà tó yí pápá náà po ni wọ́n sọ di ojú eré ìje mọ́tò ní 1948. Ibẹ̀ ni Stirling Moss, ògbóǹtarìgì awakọ̀ tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn, ti fi mọ́tò kọ lu òkìtì ní 1962. Oṣù kan gbáko ni kò fi mọ ẹni tó ń pè é, iṣẹ́ eré ìje rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ní 1966, baálẹ̀ ibẹ̀ wò ó pé mọ́tò ìgbà náà ti ń yára ju ojú ọ̀nà òun lọ, ló bá fòpin sí eré. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo ń padà bọ̀ wá gbà á.

Ọmọọmọ rẹ̀ ló tún un ṣí ní 1998. Irú mọ́tò tó sáré níbẹ̀ láàárín 1948 sí 1966 nìkan ló ń gbà wọlé, àwọn òǹwòran náà á sì múra bí ará ìgbà náà: ọkùnrin á fi pómáàdì da irun rẹ̀ dé, obìnrin á wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n á wá dúró gbọnrangandan kí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Oòrùn á ràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ wọn gbẹ, òjò á tún padà wá wò ó bóyá wọ́n ti gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní òjò gan-an ni adùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn mọ́tò yẹn kì í dilẹ̀ mú mọ́, ìdí wọn á máa yọ̀ sọ́tùn-ún yọ̀ sósì, ìgbà yẹn lèèyàn á tó mọ awakọ̀ tó jẹ́ ọkùnrin.

Mo ní ṣé kì í ṣe ohun tó lé e kúrò nílé nìyẹn? Ó ní kò lè yé mi. Ó ní ìtàn ni.

Oṣù Keje ló wálé. Ó ti fi mọ́tò kan ránṣẹ́ ṣáájú, èyí tó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ní ó ti gúnlẹ̀ sí ọgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kirikiri Lighter Terminal. Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kì í ṣe láítà tí wọ́n fi ń tanná sí sìgá o. Ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ni lighter, òun ló máa ń lọ gba ẹrù lára ọkọ̀ ńlá tó dúró sójú omi, á gbé e wá sébùúté. Ìtìjú ló bí ibẹ̀. Ní 1975, ìjọba ológun wa ti ra sìmẹ́ńtì bí ẹni tó fẹ́ fi rẹ́ ojú òkun, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, fún èbúté tí agbára rẹ̀ ò ká ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 tò sẹ́nu omi Èkó, sìmẹ́ńtì ń dì nínú òmíràn nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, wọ́n sì kọ́ ti Kirikiri fún àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ. 

Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi fi fóònù pe takisí. Ẹni tó gbé e ní òun ò lọ Kirikiri, òun ò ní fi bọ́ńpà òun fún tírélà jẹ. Báyìí la ṣe wọ dánfó ní ibùdókọ̀ Boundary.

Mo lè búra pé dánfó náà dàgbà ju ìyá kọ̀ńdọ́ rẹ̀ lọ. Fọ́ksíwágìnnì ni, wáyà ló so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, èèyàn sì lè ti orí ìjókòó rẹ̀ máa wo ọ̀dà títì kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Iwájú ni ọ̀rẹ́ mi bọ́ sí, ó rò pé ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Kò tíì gbádùn ìjókòó tán tí dẹ́rẹ́bà fi na okùn kan sí i.

"Bọ̀dá, ẹ bá wa fa okùn."

"Okùn kí ni?"

"Ti wáípà."

Wáípà náà ti kú tipẹ́. Okùn méjì ni wọ́n so mọ́ ọn: ọ̀kan gba ojú fèrèsé dẹ́rẹ́bà wọlé, èkejì gba ti èrò iwájú. Dẹ́rẹ́bà á fà á sọ́dọ̀, èrò iwájú á fà á padà, gíláàsì á mọ́. Ohun tí ọgbọ́n àwọn ará Jámánì gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ọgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ti gbé e lé èrò lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní Trinity, òjò dà bí ẹni da garawa nù. Kí a tó já sí ọ̀nà Kirikiri, oòrùn ti yọ, òjò ò sì tíì dá, irú ọjọ́ tí a máa ń sọ lọ́mọdé pé kìnnìún ń bímọ. Oòrùn wọ̀, òjò tún le. Mélòó ni kìnnìún náà bí láàárọ̀ yẹn, n ò lè kà á. Ọ̀rẹ́ mi ń fa okùn, omi ń gba ojú fèrèsé wọlé sí i lápá.

Ibẹ̀ la wà tí dánfó kejì fi yọ lápá òsì. Obìnrin kan ló dúró níwájú pẹ̀lú abọ́ ẹja gbígbẹ, ó na ọwọ́. Ẹ má wá ife ẹ̀yẹ mìíràn; obìnrin yìí ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa já gíà sílẹ̀, ọkọ̀ ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ìdí rẹ̀ yọ̀ sọ́tùn-ún, ó yọ̀ sósì. Èrò ń pe Jésù, èrò ń pe Ọlọ́hun. Ọ̀rẹ́ mi fi okùn sílẹ̀, ó di orí ara rẹ̀ mú.

Kọ̀ńdọ́ pariwo láti ẹnu ilẹ̀kùn, "Bọ̀dá, ẹ fa okùn! Dẹ́rẹ́bà ò ríran!"

Mo na ọrùn sí i létí láti ẹ̀yìn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé Goodwood náà nìyí. Mọ́tò ayé àtijọ́ rèé, ilẹ̀ tútù rèé, táyà tí ò dilẹ̀ mú rèé. Lọ́hùn-ún ó ń wòran, níhìn-ín wọ́n ti fi í jẹ igbákejì awakọ̀, wọn ò sì gba ju owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán!

(A gba obìnrin ẹlẹ́ja náà. Ipò kìíní la ṣe.)

Lẹ́yìn èyí ni eré dúró, nítorí lọ́rí kan wà níwájú tí kò lọ, tí kò sì kúrò. Mẹ́sídíìsì 911 ni, irú èyí tí wọ́n ń kan páànù mọ́ lórí tó fi ń di mólúè láyé àwọn bàbá wa. Kò ní iná ẹ̀yìn. Igi ni wọ́n fi há táyà rẹ̀ kó má baà yí wá bá wa. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ilé iṣẹ́ Mercedes ta mọ́tò eré ìje kan tí wọ́n ṣe ní 1955. 135 mílíọ̀nù yúrò ni wọ́n tà á, kò sì sí mọ́tò kankan tí a gbọ́ pé ó pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń sùn nínú ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú tutù, èkejì dúró sójú ọ̀nà Kirikiri, ó ru irin, òjò ń pa á, mẹkáníìkì nà gbalaja lábẹ́ rẹ̀ nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

Mo ní mo ń padà bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ kan. Baálẹ̀ Goodwood rí i pé mọ́tò ti ju ọ̀nà lọ, ó ti ọ̀nà. Àwa ń kó kọ̀ntẹ́nà lé orí tírélà tí bírékì rẹ̀ ti di ìtàn, a kì í há a dáadáa, a sì ń jẹ́ kó gun afárá lójú mọmọ. Ní Sunday, ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, kọ̀ntẹ́nà já bọ́ lórí bọ́ọ̀sì èrò ní Òjúẹlẹ́gba, èèyàn 9 kú. Àdúgbò kan náà ni ọ̀kan ti já lu jíìpù ní 2015, tó pa èèyàn 3. Stirling Moss mọ̀ pé eré ìje lòun ń lọ, ó dé akoto sórí. Àwọn 9 wọ̀nyí ò ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kankan. Owó ọkọ̀ ni wọ́n san. Ó lé ní ọdún méje láàárín èkíní àti èkejì, ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ti ọ̀nà.

Nígbà tí a dé ọgbà náà, wọ́n ní ká dúró. A dúró. Ibẹ̀ ni mo ti bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ohun tí mọ́tò tó ń rìn dáadáa ṣe tó fi lé e kúrò nílé.

Ó ní dísẹ̀lì ló ń mu, 2013 ni wọ́n ṣe é. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti fòfin de irú èéfín rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2023 tí òfin náà ti dé Croydon, ojoojúmọ́ tó bá gbé e jáde ni yóò san £12.50. Wọ́n ní ó ti gbó jù.

Mo ní, "Àwọn ti Goodwood ńkọ́? Àwọn ọmọ ọgọ́ta ọdún?"

Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ti ìtàn ni, kì í san kọ́bọ̀.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ àkísà. Aṣọ tó gbó díẹ̀, ìdọ̀tí ni, ẹ kó o dànù. Èyí tó gbó kọjá sísọ, ohun iyì ni, ẹ kó o sínú àpótí, ẹ fi káńfọ̀ sí i. Níbo ni wọ́n wá ń kó èyí tó gbó díẹ̀ dànù sí? Ẹ bojú wo ọgbà tí a dúró sí yìí. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi la fi sọ mọ́tò tí wọ́n lé kúrò nílùú: Tòkunbọ̀. A sì ń fi omi wọ́n ilẹ̀ fún un, a ń pe pásítọ̀ àti ààfáà kí wọ́n wá gbàdúrà sí i, a ń yà á ní fọ́tò.

Àkísà tí àgbà ń fi yangàn, aṣọ tirẹ̀ ló gbó mọ́ ọn lára. Ó wọ̀ ọ́ ní tuntun, ó fi jó lóde, ó fi gbéyàwó. Àwa ní àkísà ju àgbà lọ, a ò sì ní aṣọ náà rí. Mọ́tò Ìjàpá ni ẹnu wa tún gbà sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975 nílé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, tí kò jìnnà síbi tí a dúró sí. Òun náà, òyìnbó ló gé aṣọ yẹn, bọ́tìnnì la bá a rán.

Wọ́n ní ká padà wá ní Mọ́ńdè. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Ní Mọ́ńdè, mọ́tò jáde, bátìrì rẹ̀ ò bá a jáde, táyà sípíà náà ní òun ò lọ. A ra bátìrì mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi sì wa mọ́tò 2013 rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. A ò tíì rìn jìnnà tí dánfó kan, ẹni àádọ́ta ọdún bí ẹ bá bi mí, fi fara kàn án, ó ha á láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀kalẹ̀ sínú òjò, kò sí fìlà, kò sí táì, ó ń jà ní èdè Ajégúnlẹ̀ tí mo rò pé ó ti gbàgbé. Inú mi dùn sí i gan-an lọ́jọ́ náà.

Ó ti padà sí Croydon. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kẹsàn-án, kí n bá òun gbàdúrà kí òjò rọ̀. Ó sì ní mo ya òun ní fọ́tò níbi tí òun ti ń fa okùn wáípà, kí n jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́. Òun ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn òyìnbó tí àwọn jọ ń lọ sí Goodwood, wọ́n sì fẹ́ mọ ìgbà tí eré ti Kirikiri máa ń wáyé àti iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, ojoojúmọ́ ni, láti Boundary. Kí wọ́n ṣáà mú ṣéńjì dání.