Káàdì Ìgbín

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo àti Ìgbín aládùúgbò rẹ̀ ní Pópó Yemọja, n'Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá gun òkè Mápó, ó fẹ̀yìn ti òpó gbọ̀ngán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ó ní kí ọdún Òkèbàdàn tó pé, òun á ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ju gbọ̀ngán náà lọ. (Ẹ má bi mí ohun tí ẹni tó gbé ilé sẹ́yìn ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe.) Ó pe onílù, ó dá aṣọ ẹbí, ó pa ewúrẹ́. Ará Bẹẹrẹ jó wá. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo.

Ata ni Ìgbín ń tà ní Ọjà'ba. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó ti ń wọ́ lọ. Tí Òkété alájọ bá yà, Ìgbín á dá ọgọ́rùn-ún náírà, Òkété á fàmì sí ojú kan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà lára káàdì. Ojú kan nínú wọn, ti alájọ ni. Omi ara Ìgbín ti mú káàdì náà rin gbindin, bírò ò kọ ọ́ mọ́, èédú ni Òkété fi ń fà á.

"Kí lo fẹ́ fi rà?" Ìjàpá bi í.

"N ò tíì mọ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo dá a ni."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí, ó bá forin sẹ́nu:

Lílé: Ìgbín, kí lo fẹ́ rà?
Ègbè: Tere, ó ń dájọ
Lílé: Ọkọ̀ ni àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?
Ègbè: Tere, ó ń dájọ
Lílé: Òjò rọ̀, ata ò tà
Ègbè: Tere, ó ń dájọ

Òkèbàdàn dé, ọjọ́ tí wọn kì í dáná. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tí ààrò Ìjàpá bá ti ará ìlú mu nìyẹn. Àwọn tó jẹ ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọrin èébú kọjá níwájú ilé.

Ìgbín ò bọ́ sáàárín èrò. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn baba Ìbàdàn jẹ lórí òkè á mọ ìdí ẹ̀. Ọjà ò ná, ata ò tà. Síbẹ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ ògiri wọ́ bọ̀ lẹ́nu ihò Òkété, ọgọ́rùn-ún náírà lábẹ́ ìkarahun.

Ìjàpá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Alájọ, ẹ fa gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lónìí."

"Owó ẹ̀ dà?"

Ìjàpá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Òun ló ń wọ́ bọ̀ yẹn."