Ọkọ̀ Tí Kì í Mu Epo

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 ni mo ti ń wá ọkọ̀ tí agbára mi ká. Mo ti rí i wàyí. Volkswagen 1300 ni, ti ọdún 1966, Ìjàpá gan-an bí a ṣe mọ̀ ọ́n l'Ékòó, tòun ti ẹ̀yìn roboto. Kì í mu epo. LASTMA kò lè fà á lọ, VIO kò lè bi í ní pátíkúlà, ọlọ́kadà kò sì lè fi hándù ha á lára kó tún máa bú ẹni tó ni ín. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 17, ike sì ni láti òkè délẹ̀. Iléeṣẹ́ Tamiya ti ilẹ̀ Japan ló ń tà á. Wọ́n kó o sínú páálí ní wẹ́wẹ́. Ìwọ tí o rà á ni wàá tò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló fi í hàn mí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Ìbejì. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Nígbà tí àwa tó kù ládùúgbò ń fi agolo sàdíìnì ṣe bọ́dì, tí à ń gé sílípáàsì ìyá wa tó ti gbó (àti èyí tí kò tíì gbó) ṣe táyà, bàbá tirẹ̀ ti ìlú òyìnbó bọ̀ tòun ti páálí mọ́tò àtòpọ̀. Ó ń tò ó títí ó fi wọ yunifásítì. Ibẹ̀ ló ti rí Ìyá Ìbejì, ló bá jáwọ́ ńbẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán ló rí páálí kan lójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù, àfi bíi pé ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ lóru. Ó jẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń ta ọjà náà ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láyé ọjọ́un, ọmọdé ni wọ́n ń tà á fún. Ọdún 1958 ni iléeṣẹ́ AMT ní ìpínlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta páálí tí ọmọ lè tò ní ọ̀nà mẹ́ta: bí ọkọ̀ náà ṣe ti iléeṣẹ́ jáde, bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń ṣe é lẹ́wà, tàbí bí wọ́n ṣe ń fi í sáré ìje. Owó rẹ̀ kò pé dọ́là méjì. Ọmọ á rà á lọ́sàn-án Sátidé, á tò ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ìka rẹ̀ á hàn lára gíláàsì iwájú, táyà kan á kọ̀, kò ní yí. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti fi kọ lu ògiri, á sì ti máa tọrọ owó òmíràn. Oníbàárà gidi nìyẹn! Wàhálà tí wọ́n ní kò ju ti gọ́ọ̀mù lọ, torí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fà á símú kó lè pa wọ́n. Bí ọdún 1960 sí 1969 ṣe ń parí lọ ni iléeṣẹ́ Testors tó ń ṣe gọ́ọ̀mù náà da òróró mọ́sítáàdì sínú tiwọn. Ẹni tó bá gbé e símú lẹ́yìn ìgbà náà, omi ojú rẹ̀ á máa ṣàn bíi ti ẹni tó ń lọ ata rodo.

Nígbà tó di ọdún 1973, epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé, ike tí wọ́n ń fi epo ṣe náà sì gbówó lórí. Géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e dé. Àwọn ọmọdé bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Revell àti Monogram, iléeṣẹ́ mọ́tò àtòpọ̀ méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn du oníbàárà bọ̀ tipẹ́, kó sábẹ́ òrùlé kan náà lọ́dún 1986. Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sọ́wọ́ Hornby, àwọn tó ń ṣe rélùwéè ìṣeré, lọ́dún 2006. Oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ sá lọ, ṣé kò ní í tọpasẹ̀ rẹ̀ ni? Wọ́n tọpasẹ̀ àwọn ọmọ ọjọ́un dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n gbé mọ́ọ̀dù àtijọ́ jáde, wọ́n da ike tuntun sí i, wọ́n lẹ àwòrán àtijọ́ mọ́ páálí, wọ́n wá fi owó òde òní lé e lórí. Ike inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Owó ìgbà èwe ló pọ̀.

Bàbá Ìbejì kò tíì to ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ti rà. Ó ra ọ̀bẹ tó mú ju ti oníṣẹ́ abẹ lọ. Ó ra ẹ̀mú oríṣiríṣi, sáńpépà tó kúnná tó fi dà bí aṣọ sáńyán, àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń ké ju jẹnẹrétọ̀ lọ, torí àtifọ́n ọ̀dà tí kò kún ṣíbí. Ó ra gọ́ọ̀mù tó ṣàn bí omi, tó ń yọ́ ike lójú ibi tó ti pàdé kó lè di ọ̀kan. Ó ra oògùn tí wọ́n ń tọ́ sábẹ́ àlẹ̀mọ́, ó ra òmíràn tí wọ́n ń tọ́ sórí rẹ̀ kó lè rọ̀ mọ́ bọ́dì. Ó ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kẹ́míkà gé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdè bẹ́líìtì fún ẹni tí kò ní jókòó síbẹ̀ láéláé.

Ó tún ra òróró búréèkì. Inú Ìyá Ìbejì dùn lọ́jọ́ náà, torí ó ti pẹ́ tí búréèkì mọ́tò ilé ti ń ké. Ó rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Òun ò mọ̀ pé àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ yìí ti mọ̀ látọjọ́ pé téèyàn bá rẹ bọ́dì ike sínú òróró búréèkì, ọ̀dà tó ti gbó á bọ́ kúrò lára rẹ̀. Mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń ké títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ti páálí ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kún. Orí wọ́ọ̀dùróòbù ti kún. Ẹlẹ́gbẹ́ jẹgbẹ́ ni wọ́n ṣáà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti l'Amẹ́ríkà, wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí páálí rẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí ọjọ́ ayé rẹ̀ lè gbà tò, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Àwọn opó wọn nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, àwọn tó máa wá ẹni tí yóò kó o lọ.

"Bàbá Ìbejì, èwo lẹ fẹ́ tò nínú gbogbo èyí?"

"Má kánjú, Ìyá Ìbejì. Ìwádìí ni mò ń ṣe lọ́wọ́."

"Ìwádìí kí ni? Ìjàpá tá a jọ wọ̀ lọ sílé ìgbéyàwó wa lẹ tún ń wádìí?"

"Àwọ̀ rẹ̀ ni. Búlúù kan yàtọ̀ sí búlúù kan."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọ ọmọ wọn fi na ọwọ́ sí páálí. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá àgbà fò dìde, tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún: "Má fọwọ́ kàn án! Kì í ṣe nǹkan ìṣeré!" Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ náà wo àwòrán mọ́tò tó wà lára páálí, ó wo bàbá rẹ̀ àgbà, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ pé kí ni Dádì Àgbà ń ṣe, nígbà náà?

Wọ́n máa ń pàdé, àwọn bàbá tó ń kó páálí jọ yìí, bí ẹgbẹ́ ìdílé. Mo rò pé ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gba ara wọn, àfìgbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe tiwọn ní ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọkọ̀ gidi, 1/25. Àwọn ará Japan àti Yúróòpù ń ṣe tiwọn ní 1/24. Ẹ gbé Ìjàpá méjèèjì síwájú mi, èmi ò ní í mọ̀yàtọ̀. Ìyàtọ̀ gígùn wọn kò pé mìlímítà 7. Bàbá Ìbejì ní ẹni tó bá gbé méjèèjì sórí pẹpẹ kan náà kì í ṣe ọmọlúàbí. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ka bóòtù ara ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, kí wọ́n lè sọ pé ó dín. Àwọn wọ̀nyí kì í tò rárá. Wọ́n ti ga ju ìyẹn lọ.

Mo gbà fún Shunsaku Tamiya ṣá, ẹni tó darí iléeṣẹ́ Tamiya. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Porsche 934 oníke tó jáde lọ́dún 1976, ó ra Porsche 911 gidi, ó sì ní kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Ayé ń pọ́n ọn lé fún èyí títí dòní. Mẹkáníìkì kan ní Mushin tú mọ́tò mi palẹ̀ láìrà á, kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan nípa rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé Bàbá Ìbejì nìkan ló ń padà sídìí mọ́tò àtòpọ̀. Ìjọba Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn ni bàbá ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1975, Volkswagen ń to Ìjàpá ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó, Peugeot ń to 504 ní Kàdúná. Inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ ń bá wá ní wẹ́wẹ́, ti Volkswagen nígbà mìíràn láti Brazil, ti Peugeot láti Faransé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọṣẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á tì; 504 tí wọ́n tò gbé odidi ìran kan káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí náírà ṣubú lẹ́yìn ọdún 1986, owó tí a fi ń ra àpótí wọ́n. A jáwọ́. Tòkunbọ̀ gba ọ̀nà Kùtọnu wọlé.

Lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ọkàn wọn tún fà sí i. Lọ́dún 2013, wọ́n gbé ètò jáde, wọ́n fi owó orí ńlá lé ọkọ̀ tó ń tòkèèrè bọ̀ kí a lè máa to tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, wọ́n bá Volkswagen tọwọ́ bọ̀wé l'Abuja pé kó padà wá tò ó. Wọ́n ya fọ́tò. Bíi ti Bàbá Ìbejì, ohun èlò ti pé: ètò wà, ìgbìmọ̀ wà, àjọ wà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé ìgbìmọ̀ lọ sípàdé, Japan ló ti wá. Àwọn tó ń to ike sì máa ń ní pẹpẹ kan tí wọ́n ń gbé èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí sí, kí eruku lè máa bò ó. Tiwa ni iléeṣẹ́ irin Ajaokuta. Láti ọdún 1979 ló ti wà lórí pẹpẹ, ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin kankan rí, ìjọba kọ̀ọ̀kan tó bá dé á sì gbé e sọ̀kalẹ̀, á fẹ́ eruku orí rẹ̀, á ya fọ́tò, á tún gbé e padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Bàbá Ìbejì lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síjọba, kí wọ́n fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ mọ́tò. Mo ṣàlàyé fún un pé kò sẹ́ni tó tóótun tó o: ó ti ra gbogbo ohun èlò, ó mọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí, ó ń ṣe ìpàdé, kò sì tíì to nǹkan kan. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Ìbejì ń bi í lẹ́yìn pé ta ni. Lẹ́yìn náà ló ní òun gbà, àmọ́ kí n kọ́kọ́ bá òun béèrè l'Abuja bóyá 1/24 ni wọ́n fẹ́ tàbí 1/25, torí òun ò ní í fara mọ́ ìwà ìbàjẹ́.