Àpò Ṣòkòtò Aláìsàn

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀nà jíjìn da ara rẹ̀ láàmú ni wọ́n ń pa òwe yìí fún. Ayé wá dayé àwọn alágbàtà tó ń kó aláìsàn lọ sókè òkun, kò sì sẹ́ni tó gba òwe náà gbọ́ tó wọn. Ohun tí wọ́n ń wá, inú àpò ṣòkòtò ló wà lóòótọ́: àpò ṣòkòtò aláìsàn. Delhi àti London kàn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọwọ́ bọ̀ ọ́ ni.

Ká má tíì dá wọn lẹ́bi, ọ̀dọ̀ àwọn àgbààgbà ìlú ni wọ́n ti kọ́ ọ. Abala 46 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 ní a ò gbọdọ̀ fi owó ìjọba rán òṣìṣẹ́ ìjọba lọ gba ìtọ́jú lókè òkun, àfi bí ọ̀ràn bá le gan-an, tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari fúnra rẹ̀ kéde pé ìjọba òun kò ní náwó sórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ní àwọn onímọ̀ nílé. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, etí ń yọ Ààrẹ lẹ́nu, ó di London. Etí o! Lọ́dún 2017, ìrìn-àjò ìtọ́jú kan ṣoṣo gbà á ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ níbẹ̀. Bí Ààrẹ bá ń wọ bàálù nítorí etí, ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ Ìfọ́n pé kó jókòó de káàdì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Kí oṣù tó parí, ohun gbogbo ti pé: báńnà tí dókítà Íńdíà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àga aláwọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré, káàdì tí wọ́n kọ “ọ̀gá àgbà” sí. Ó mọ̀ pé físà ìtọ́jú Íńdíà ń fẹ́ lẹ́tà láti ọsibítù tó fẹ́ gba aláìsàn, ó sì mọ̀ pé ẹni méjì lè tẹ̀ lé e lọ. Ó mọ iye tí ọsibítù ọ̀hún yóò bù fún òun nínú owó ìtọ́jú. Ìyẹn nìkan ni kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ohun tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni ẹni tó lè ka èsì àyẹ̀wò.

Ìyá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé láti Ìfọ́n nítorí orúnkún.

“Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá ti débẹ̀, orúnkún yín á di tuntun.”

“Àmín o, ọmọ mi. Tí mo bá wá padà dé, tí ojú iṣẹ́ abẹ ń ṣọyún, ta ni yóò tọ́jú ẹ̀?”

“Ẹ ó máa lọ sí FMC ni, Ìyá.”

“FMC tí o ní kí n má lọ?”

FMC Ọ̀wọ̀ yìí, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n lókè òkun nítorí ibà Lassa pọ̀ ju àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ṣàìsàn ní ìlú Lassa ní Borno, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos kú pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta wọn, Lily Pinneo, ni wọ́n fi bàálù gbé lọ sí New York, ìyẹn sì yè. Yunifásítì Yale ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn náà. Nígbà yẹn, Amẹ́ríkà ni Sókótó. Lónìí, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, àjọ ìlera òkèèrè ALIMA ló sì kó ẹrù wá bá àwọn dókítà Ọ̀wọ̀ ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n jọ ṣe níbẹ̀ láàárín 2018 sí 2020 lórí aláìsàn tó lé ní 500 jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet Global Health lọ́dún 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí àyẹ̀wò bá Lassa lára wọn, nǹkan bí 12 ló kú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú Lassa, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni yóò bèèrè.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Tógò dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n pè é ní ibà ẹ̀fọn tó le, wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Cologne ní Jámánì, ó sì kú síbẹ̀. Ìgbà tó kú tán ni wọ́n tó mọ̀ pé Lassa ni. Ẹni tó tọ́jú òkú rẹ̀ pàápàá kó o, orí ló kó o yọ. Lassa lè sá pamọ́ sára èèyàn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fojú hàn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ọ̀gá àgbà wa bèèrè nọ́ńbà páṣípọ́ọ̀tù, ó bèèrè iye tó wà ní báńkì. Kò bèèrè bóyá ara oníbàárà ti gbóná láìpẹ́, tàbí bóyá eku ń bá a jẹ nínú gààrí tó sá sẹ́bàá títì.

Òótọ́ ni pé àpò ṣòkòtò kì í kún nígbà gbogbo. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, Jámánì ni jẹjẹrẹ ti mú un lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àpò mìíràn wà kí a tó dé Delhi. Ilé-Ifẹ̀ ti ń pààrọ̀ kíndìnrín láti ọdún 2002. Ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun lọ́dún 2019. Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu kò bá ibẹ̀ lọ. Àpò ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ tó ń tajà lójú títì Èkó ló ti wá kíndìnrín fún ọmọ tirẹ̀, ó mú ọmọkùnrin náà lọ sí London, wọ́n sì pè é ní ìbátan. Àwọn dókítà ọsibítù Royal Free kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ fún sẹ́nétọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8, ìyàwó rẹ̀ gba ọdún 4 àti oṣù 6. Dókítà tó ṣe alágbàtà wọn, Obinna Obeta, gba ọdún 10. Alágbàtà ló gba èyí tó pọ̀ jù.

Iṣẹ́ náà kò burú lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ dókítà ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ẹnìkan ní FMC ti gbà, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde, pé òun ni yóò gba Ìyá lọ́wọ́ wọn bó bá dé. Kí alágbàtà bèèrè bóyá ara aláìsàn gba bàálù, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6,000 lọ, kì í sì í rọrùn fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi gáàsì sójú nígbà iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ wọ bàálù títí gáàsì náà yóò fi tán. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orúnkún rẹ̀, ìjókòó wákàtí mẹ́wàá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀. Kí iye owó wà lórí ìwé, títí kan ti ọjọ́ tí a ò retí, kí iye tí ọsibítù bù fún alágbàtà pàápàá wà lórí ìwé kan náà, níbi tí ọmọ Ìyá yóò ti rí i kà. Bí ìyẹn bá lé ọ̀gá àgbà kúrò lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, àga aláwọ rẹ̀ kò ní pẹ́ rí ẹni tó máa rà á.