Ọ̀wọ́n Là Ń Ra Ògo, Púlọ́ọ̀gì Ńkọ́?

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò ní mọ́tò. Aṣọ òfì ló ń rò, tàbí ẹṣin, ohun téèyàn lè fọwọ́ pa lára, kó la ẹnu rẹ̀ wo eyín kó tó kówó sílẹ̀. Kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ọ̀bùn náà yóò gbọ́ òwe yìí, yóò sì fowó gegere lé ara rẹ̀ lórí.

Àna mi kan ra Corolla tòkunbọ̀ ti ọdún 2005. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Àna mi kò béèrè èwo ló bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Ohun tó bi ọlọ́jà ni pé, "Ọ̀gá, èwo ló wọ́n jù níbẹ̀?" Ọlọ́jà, tí àdúrà àárọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, nawọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé èyí tí ọkọ̀ eré ìje ń lò wá. Ọkọ̀ tí ìgbín ń yà sílẹ̀ láti Òjòtá dé Kétu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé!

Púlọ́ọ̀gì eré ìje kì í gba ooru dúró lẹ́nu, torí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe é fún gbóná bí iná alágbẹ̀dẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ibo ni yóò ti rí i? Oṣù kan kò pé tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀bùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀bùn olówó ńlá.

Ohun tí ọkọ̀ yẹn ń béèrè kò ju nọ́ńbà kan lọ: SK16R11 tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Denso, IFR5A11 tó bá jẹ́ ti NGK. Ó wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá, ìwé tí àwa fi ń fẹ́ atẹ́gùn síra bí epo bá tán lójú ọ̀nà. 11 tó kẹ́yìn ni àlàfo ẹnu rẹ̀, mílímítà 1.1. 16 ti Denso àti 5 ti NGK, ooru kan náà ni wọ́n ń sọ. Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni púlọ́ọ̀gì ń tutù. Lọ́dọ̀ Bosch, òdìkejì ni. Àwa a rí 7, a ní ó ju 5 lọ, bí ẹni ń ra bàtà fọ́mọ tó ń dàgbà.

Àna mi padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó ra púlọ́ọ̀gì irídíọ̀mù, ó tún sanwó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kó jẹ́ n wo ẹnu rẹ̀. Irídíọ̀mù gidi, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni, kì í tó mílímítà kan. Èyí nípọn bí ìṣó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ iye tí mo rà á ni."

A jọ gbé e padà fún ọlọ́jà. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Èyí tó wọ́n ju èyí lọ wà nílẹ̀ o."

Àna mi ti ń tọwọ́ bàpò.