Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Àfi Bí Ìgbìmọ̀ Ìlú Bá Jókòó

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí kò gbé Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí ìgbìmọ̀ ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ òjìji. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ì bá ti fi àlàyé ránpẹ́ há a nídìí: ọ̀run tó ẹyẹ fò lóòótọ́, bí àwọn tó nilé sábẹ́ rẹ̀ bá ti buwọ́ lùwé pé kí ẹyẹ máa fò.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota dìbò lórí ìwé ètò kan tí wọ́n pè ní Minneapolis 2040. Káńsẹ́lọ̀ méjìlá gbà á wọlé, ẹnìkan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìwé náà ni pé lórí ilẹ̀ tí òfin ti ní kí ilé ìdílé kan ṣoṣo wà, ẹni tó bá wù lè kọ́ ilé tí ìdílé mẹ́ta yóò máa gbé. Mẹ́ta o, kì í ṣe ọgbọ̀n. Ní Mushin, ìdílé mẹ́ta kò tíì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Síbẹ̀, kí wọ́n tó dìbò rárá ni pátákó pupa ti kún iwájú ilé káàkiri, tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n má fi katapílà wó àdúgbò àwọn palẹ̀, bẹ́ẹ̀ ètò náà kò pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni wó ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ta ni olùpẹ̀jọ́? Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni: ọ̀kan ní òun fẹ́ kí ìlú fi ọgbọ́n dàgbà, èkejì jẹ́ ti àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ti gba lọ́yà. Adájọ́ dá ètò náà dúró ní 2022, ó sì di 2024 kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ṣe òfin tó yọ irú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin àyíká tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹyẹ ń fò. Mi ò gbọ́ pé ọ̀kan fara gbá èkejì.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣì kéré, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ kìnnìún. Woodside jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù San Francisco, ní agbègbè àwọn olówó iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà; àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé díẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin kan tí wọ́n ń pè ní SB 9, tó gba onílé láyè láti pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì, kó sì kọ́ ilé tó tó mẹ́rin sórí rẹ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Kí oṣù yẹn tó parí, Woodside ti rí ihò tó máa gbà. Òfin ní òun kò kan ilẹ̀ tó jẹ́ ibùgbé ẹranko tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìlú náà bá kéde pé gbogbo ilẹ̀ òun pátá, ibùgbé kìnnìún òkè ni. (Kì í ṣe kìnnìún tí à ń gbọ́ nínú àlọ́ o. Eléyìí kò ní gọ̀gọ̀, ẹkùn ló fi ìrìn jọ.) Gbogbo ilẹ̀ náà, àti ilé tó wà lórí rẹ̀, àti odò ìlúwẹ̀ẹ́, àti ibùso ẹṣin, àti gbọ̀ngàn tí wọ́n jókòó sí. Olórí ìlú sọ fún oníròyìn pé àwọn fẹ́ràn ẹranko, pé ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́ ń gba ilẹ̀ mọ́ kìnnìún lọ́wọ́, ibo ni kí wọ́n wá gbà? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Kò sẹ́ni tó bi í nípa olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ wọn, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí ọkùnrin tó ń gé koríko iwájú ilé wọn tó sì ń ti ọ̀nà jíjìn wakọ̀ wá láràárọ̀.

Rob Bonta, Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ California, kọ lẹ́tà sí wọn ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì. Ó ní ilẹ̀ tí ilé ti wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ibùgbé ẹranko. Ọjọ́ Àìkú lọjọ́ náà, ọjọ́ náà gan-an ni ìlú sì yí ohùn padà. Kìnnìún kó ẹrù rẹ̀, ó gba òkè lọ.

Ẹni tí kò bá tíì wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú rí lè rò pé ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Rárá o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Àwọn káńsẹ́lọ̀ á jókòó lórí pèpéle, orúkọ kálukú á wà níwájú rẹ̀. Makirofóònù kan á dúró nísàlẹ̀ fún ará ìlú, iná kékeré á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bó bá tan àwọ̀ ewé, máa sọ̀rọ̀, bó bá di ìyeyè, àsìkò rẹ ń lọ, bó bá pọ́n, lọ jókòó. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìlú kan dé òmíràn: "Èmi ò lòdì sí ilé kíkọ́ o." Lẹ́yìn náà ni "ṣùgbọ́n" á wọlé, tí á sì jẹ ìṣẹ́jú tó kù tán. Ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí ò tó. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti kún. Ṣùgbọ́n igi. Ṣùgbọ́n àgbàrá. Ṣùgbọ́n ilé gogoro kò bá àdúgbò wa mu. Ẹni tó bá dẹtí á gbọ́ èyí tí ẹnu ń yẹ̀ sílẹ̀: iye tí ilé mi ń lọ lọ́jà ńkọ́?

Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ ọ́ síta. Marc Andreessen, tó dolówó nídìí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ àròkọ kan ní oṣù Kẹrin 2020, ó ń kígbe sí Amẹ́ríkà pé àsìkò ti tó láti dìde kọ́ nǹkan, ilé sì wà lára ohun tó kà sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Atherton, ìlú tó ní ilé sí, ń rò ó láti gba ilé onífúláàtì láyè níbi mélòó kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé àwọn lòdì sí i pátápátá, pé yóò já owó ilé àwọn wálẹ̀, yóò sì mú ariwo àti ọkọ̀ pọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ yọ èròǹgbà náà kúrò. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó kan Stephen Curry, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù inú agbọ̀n. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé tako ilé 16 tí wọ́n fẹ́ kọ́ sítòsí wọn ní Atherton kan náà; bí kò bá sì ṣeé dá dúró, kí wọ́n ṣáà mọ ògiri tó ga. Mi ò bá a wí jù. Ọkùnrin tó ti ń ju bọ́ọ̀lù kọjá lórí àwọn tó ga jù ú lọ látìgbà èwe mọ ohun tí gíga lè fojú èèyàn rí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀sùn, òjìji ni baba. Ní 1984, àwọn olùdìbò San Francisco ṣe é lófin pé ilé tó bá ga ju 40 ẹsẹ̀ bàtà lọ kò gbọdọ̀ fi òjìji bo ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ títí di wákàtí kan kó tó wọ̀, àfi bí ìgbìmọ̀ bá ní òjìji náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò wá sanwó fún amòye tí yóò wọn òjìji ilé tí kò tíì sí, tí yóò sọ ibi tó máa balẹ̀ sí lọ́sàn-án oṣù Kẹfà àti láàárọ̀ oṣù Kejìlá. Àwa tí à ń gbin igi odán kí ibòji lè wà, a kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ là ń dá. Ká ní irú àyẹ̀wò yìí wà nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, ìdajì wọn ì bá ṣì wà nínú igbó, wọn ì bá máa retí ìwé.

Ní àdúgbò Mission ní San Francisco kan náà, ọkùnrin kan ní ilé ìfọṣọ, irú èyí tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó fẹ́ wó o, kó kọ́ ilé alájà mẹ́jọ tó ní fúláàtì 75 sí i. Kò sí ayálégbé kankan níbẹ̀ tí wọ́n máa lé jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó lè jẹ́ pé ohun ìtàn ni ilé ìfọṣọ náà, torí pé àwọn ẹgbẹ́ kan ti ní ọ́fíìsì níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Wọ́n ṣe ìwádìí tí ìwé rẹ̀ lé ní 100 ojú ewé kí wọ́n tó gbà pé ilé ìfọṣọ ni ilé ìfọṣọ. Ó kù sí òjìji. Ní oṣù Kẹfà 2018, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí wọ́n tún lọ yẹ òjìji rẹ̀ wò lórí pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà nítòsí. Ọkùnrin náà ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn. Aṣọ ṣì ń yí nínú ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá pa òwe yìí fún àwọn káńsẹ́lọ̀, wọ́n á ní kò kan àwọn, torí ọ̀gànjọ́ òru ni àwọn jókòó dà, àwọn sì gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tó wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè wá? Òfin California ní kí wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilẹ̀ láàrin 300 ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Àwọn tó ni ilẹ̀. Ẹni tí ì bá gbé fúláàtì kan ní àjà kẹrin kò ní àdírẹ́sì níbẹ̀. Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn sí ní ìlú mìíràn, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Boston ka àkọsílẹ̀ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní ìlú 97 ní Massachusetts. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó sọ̀rọ̀ lórí ilé tuntun, bí 63 ló tako ó; àwọn tó fara mọ́ ọn kò ju bíi 15 lọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà dàgbà ju àwọn ará ìlú yòókù lọ, onílé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Olùpẹ̀jọ́ wà, adájọ́ wà, olùjẹ́jọ́ ò tíì kó dé.

Ibi tí òfin ilé ìdílé kan ṣoṣo ti ṣẹ̀ wá kò dùn ún gbọ́. Ní 1910, Baltimore ṣe òfin tó ní kí aláwọ̀ dúdú má kó wọ òpópónà tí àwọn aláwọ̀ funfun bá ti pọ̀ jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1917, nínú ẹjọ́ tó wá láti Louisville. Kò tán síbẹ̀. Bí a kò bá lè sọ̀rọ̀ àwọ̀, a lè sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ àti iye ìdílé. Owó á bá wa ṣe ìyókù. Ìlú Berkeley ní California ti fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ láti 1916. Nígbà tí ẹjọ́ ìlú Euclid ní Ohio dé ilé ẹjọ́ gíga náà ní 1926, wọ́n fọwọ́ sí i pé ìlú lè pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, Adájọ́ George Sutherland sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé ilé onífúláàtì, àfòmọ́ lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan, ni àwa ń wí. Ní Euclid, kò gbọdọ̀ bá igi kankan tan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí wọ́n pa ará ìlú lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, San Francisco wó apá púpọ̀ nínú àdúgbò Fillmore, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé tí orin jáàsì sì ti ń dún mọ́jú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n lé kúrò, ariwo wọn kò sì dá katapílà dúró. Nílé, ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó àdúgbò Maroko, bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ìkìlọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, ẹnikẹ́ni kò gbé makirofóònù síwájú wọn. Ẹ̀rù katapílà ló fún ìjókòó ìtagbangba lágbára. Àwọn tí katapílà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé ló wá jogún rẹ̀.

Ó ku àwa. Houston, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kò ní irú òfin pínpín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ rárá: àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní 1948, ní 1962, àti ní 1993. Èèyàn á rò pé àlàáfíà á jọba. Ní 2007, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 23 sí títì Bissonnet, nítòsí Yunifásítì Rice. Àwọn aládùúgbò ri pátákó ìyeyè mọ́lẹ̀ tí wọ́n ya ilé náà sí bí iwin, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà nílé ẹjọ́ títí di 2016. Ẹni tó bá tọ títì Bissonnet yẹn kan náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn yóò dé ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ta àmàlà àti àǹkárá, láàrin ilé onífúláàtì tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ balẹ̀ sí. A mọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mẹ́rin ni wá nínú fúláàtì oníyàrá méjì. Nígbà tó yá, a ra ilé tó ní gáréèjì lẹ́yìn ìlú. Kí kun gáréèjì náà tó gbẹ, a ti wà nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, à ń fi Yorùbá bú àwọn tó fẹ́ kọ́ fúláàtì sítòsí, à ń bèèrè pé irú àwọn èèyàn wo ló máa gbé ibẹ̀. Irú wa ni.

Ẹ̀yin tó wà ní Texas, ní Maryland, ní California, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ jókòó lórí ilé tuntun ládùúgbò yín, ẹ lọ. Wọn kì í béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ayálégbé lè sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sùn sí pálọ̀ ẹlòmíràn náà lè sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjì tó láti sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ń sùn, àti iye tí ẹ ń san lóṣù. Ẹ sì mú àbúrò yín tó wà ní pálọ̀ dání.